Ṣé àtàǹpàkò wa ló ń yọ́ fáṣíà ni, àbí ẹnu la fi ń yọ́ ọ?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ dákun ẹ là mí lọ́yẹ. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní másáàjì sọ fún wa pé fáṣíà, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí iṣan ká nínú ara, ni gbòǹgbò gbogbo ìrora. Ó ní ó máa ń gan, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, àti pé tá a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ títí, á yọ́, á sì gùn sí i. Ohun tí mo ń sọ fáwọn oníbàárà mi náà nìyẹn. Àfi bí ẹnì kan tó jẹ́ ẹnjiníà ṣe dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi tó bi mí pé agbára mélòó ni ọwọ́ mi ń lò, mélòó ló sì ń na fáṣíà? Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé ìwádìí fáṣíà tí gbogbo èèyàn ń pariwo yìí wúlò fún àwa tá à ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, àbí ìpolówó ọjà lásán ni?

*

Ẹ̀rín pa mí níbi tí ẹnjiníà yẹn ti wọlé. Ìṣirò tó ń béèrè yẹn, wọ́n ti ṣe é láti 2008. Hans Chaudhry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló jókòó tì í. Wọ́n ní: bá a bá fẹ́ kí fáṣíà itan, èyí tí wọ́n ń pè ní fascia lata, tẹ̀ wọnú ní ìdá 1 péré nínú 100, ìwọ̀n wo la máa gbé lé e? Iye tó jáde ju kílò 900 lọ. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ ju kílò 800 lọ. Ìwọ̀nba èyí tó rọ̀, irú èyí tó wà lára imú, ni ìṣirò náà gbà pé agbára ọwọ́ èèyàn lè yí padà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Robert Schleip wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ará Jámánì ni, Rolfing, irú másáàjì fáṣíà kan, sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó di olùṣèwádìí. Torí náà kì í ṣe ọ̀tá iṣẹ́ wa ló jókòó láti bà wá lórúkọ jẹ́. Ọmọ ilé ló ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá ìṣirò yẹn jà lè sọ pé orí ìwé ni wọ́n ti ṣe é, pé ara ààyè ní omi àti ooru nínú, kò rí bí awọ tí wọ́n gé sínú yàrá ìwádìí. Mo gbà. Ẹ gé iye yẹn sí méjì. Ẹ tún gé ìdajì náà sí méjì. Ó ṣì ju ohun tí àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni lè gbé jáde lọ.

Nítorí náà, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ "yíyọ́" àti "gígùn sí i" yẹn, jù ú nù. Ìwádìí fáṣíà fúnra rẹ̀ ni kó o má jù nù, torí ohun tó ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà.

*

Mo ti rí i tí ẹ̀yin bíi mélòó kan kọ ohun kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: "Àmọ́ mo ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́! Ó ń yọ́ lábẹ́ ìka mi!"

Èmi náà ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń rí gan-an, ká má kánjú. O gbé àtàǹpàkò lé ìsàlẹ̀ ọrùn, níbi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀. Ó le gbagidi. O fara tì í díẹ̀, o ò ta á, o ò gún un. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹni náà mí kanlẹ̀ láìmọ̀ pé òun mí. Ikùn rẹ̀ lè kùn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ti ká kò látàárọ̀ á tú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn gan-an ni ibi tó le á fààyè gba àtàǹpàkò rẹ, wàá sì rò pé nǹkan kan yọ́.

Ẹ wo ètò tí wọ́n fi tẹ̀ léra: èémí ló ṣáájú, ìka tẹ̀ lé e, ibi tó le ló kẹ́yìn. Ṣé fáṣíà ọrùn ló sọ fún ikùn pé kó kùn? Nẹ́ẹ̀fù, okùn tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Schleip ti kọ èyí láti 2003. Ó ní fáṣíà kún fún àwọn orí nẹ́ẹ̀fù tó ń gba ìròyìn, pé àwọn kan lára wọn, tí wọ́n ń pè ní Ruffini, máa ń dáhùn sí ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lọ́ra, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn yẹn ló ń mú kí iṣan dẹwọ́ tí ara sì ń balẹ̀.

Àlàyé yíyọ́ tí ọ̀gá rẹ kọ́ ọ yẹn, ọ̀dọ̀ Ida Rolf ló ti wá, obìnrin tó dá Rolfing sílẹ̀. Kì í ṣe òpè o. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì ohun alààyè ní yunifásítì Columbia ní 1920. Ó rò pé ooru àti agbára ọwọ́ ń sọ ohun tó dì nínú ara di olómi. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó bọ́gbọ́n mu. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tí ọwọ́ bá kúrò, ohun tó di olómi yẹ kó tún dì padà. Kí ló wá fà á tí ẹlòmíì fi ń gbádùn ara rẹ̀ di ọ̀la?

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní Ọsirélíà, àwọn olùṣèwádìí wo èèyàn 5 tí èjìká wọn ti gan, irú èyí tí apá kì í lè gbé sókè mọ́. Gbogbo ayé gbà pé awọ tó yí oríkèé èjìká ká ló súnkì. Wọ́n fún wọn ní oògùn akunnilóorun, wọ́n wá gbé apá wọn. Ẹni tó rí àfikún tó kéré jù, apá rẹ̀ fi digírì 44 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti ẹni tó pọ̀ jù sì jẹ́ 110. Kò sẹ́ni tó na nǹkan kan. Wọ́n kàn sùn ni. Èèyàn 5 kéré, n ò ní fi í ṣe òfin fún gbogbo èjìká tó gan láyé, àmọ́ ó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni tó bá ń pe gbogbo líle ní "fáṣíà tó lẹ̀ mọ́ra" ronú wò.

*

"Tó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀fù ni, ká gbàgbé fáṣíà nìyẹn."

Rárá o. Ẹ ti fò kọjá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí.

Fáṣíà ni awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ẹran tí alápatà máa ń ya kúrò. Ó yí iṣan kọ̀ọ̀kan ká, ó wọnú rẹ̀, ó so ó mọ́ èkejì. Láàárín ìpele kan àti òmíì ohun kan wà tó ń yọ̀, hyaluronan lorúkọ rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ìpele wọ̀nyí máa yọ̀ lórí ara wọn. Carla Stecco àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Padova, ní Ítálì, ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibi yìí. Èrò wọn ni pé tí ohun tó ń yọ̀ yìí bá ki jù, ìpele ò ní yọ̀ dáadáa mọ́, orí nẹ́ẹ̀fù tó wà láàárín wọn á sì máa fárígá.

Helene Langevin sì fi ẹ̀rọ ultrasound wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn 121, àwọn kan ní ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́, àwọn kan ò ní. Ní 2011 ló gbé e jáde: lára àwọn tó ní ìrora, bí ìpele fáṣíà ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ṣe ń yọ̀ lórí ara wọn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín sí tàwọn yòókù. Ní 2014, àwọn ará Jámánì fún àwọn tí àìsàn kankan ò ṣe ní abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ sínú ẹ̀yìn. Èyí tó wọ fáṣíà dun èèyàn ju èyí tó wọ iṣan lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ.

Nítorí náà fáṣíà ń dun èèyàn. Ó sì máa ń yàtọ̀ lára ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn wá ni èwo ló ṣáájú. Ṣé fáṣíà tí kò yọ̀ mọ́ ló fa ìrora, àbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ti dẹ́kun títẹ̀ àti nínà, tí fáṣíà rẹ̀ sì gan torí àìlò? Ẹ bi ẹni tó bá ń ta kọ́ọ̀sì fún yín ní ìbéèrè yẹn, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè nípa ìwé ẹ̀rí fáṣíà tí wọ́n ń gbà láàárín ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fojú sọ́nà fún mi, mo máa dé ibẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n tó ní "tí kò bá dùn ẹ́, kò tíì wọlé", ẹ máa bínú sí mi o, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ibí yìí la ti máa ya ọ̀nà.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé tí wọn ò bá pariwo, owó wọn á dùn wọ́n. Wọ́n á tún wá fi ojú ibi tó dúdú hàn yín lọ́la pẹ̀lú ìdùnnú. Ṣùgbọ́n dúdú yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ awọ ni. Kò sí fáṣíà kankan tó gùn. Tí ara bá mọ̀ pé wọ́n ń pa òun lára, iṣan á gan láti dáàbò bò ó, ẹ̀yin á tún fi kún agbára yín láti borí gígan tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀. Ìjàkadì ni mo pe ìyẹn.

Ibi tí àṣà yìí ti burú jù ni ẹ̀gbẹ́ itan, ibi tí wọ́n ń pè ní IT band. Apá fascia lata tó nípọn jù ló wà níbẹ̀, ó sì so mọ́ egungun itan gbọingbọin. Fascia lata yìí náà ni ìṣirò kílò 900 dá lé. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ lẹ ń rí àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí foam roller, fóòmù roboto gígùn tí wọ́n fi ń ra ara, omi lójú, eyín pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ń "tú u". Foam roller kì í ṣe ohun burúkú. Ó máa ń jẹ́ kí oríkèé rìn jìnnà díẹ̀ sí i fúngbà kúkúrú, ó sì dáa kéèyàn tó ṣeré ìdárayá. Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé ẹsẹ̀ òsì tí nǹkan kan ò kàn náà máa ń ní tirẹ̀ nínú àǹfààní ọ̀hún. Ta ló lọ na fáṣíà ẹsẹ̀ òsì?

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: mo máa ń béèrè pé kí ẹni náà fún ìtẹ̀ mi ní nọ́ńbà, láti òdo sí mẹ́wàá. Tó bá ti kọjá ibi tó lè máa mí dáadáa nínú rẹ̀, mo ti tẹ̀ jù. Mi ò wo nọ́ńbà náà tó bí mo ṣe ń wo èémí, torí àwọn kan máa ń sọ pé mẹ́rin nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n. Mo máa ń lọ́ra. Tí mo bá ti gbé ọwọ́ lé e, mo máa ń ní kí òun fúnra rẹ̀ yí ọrùn, kó gbé apá, kó na ẹsẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ mi. Tí àbá àwọn ará Padova nípa ìpele tó ń yọ̀ bá tọ̀nà, ìyẹn ló yẹ kó mú un yọ̀. Tó bá sì jẹ́ nẹ́ẹ̀fù ni, ìyẹn náà ló yẹ kó fi nẹ́ẹ̀fù lọ́kàn balẹ̀. Mi ò ní láti mọ ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn kí n tó ṣe iṣẹ́ mi.

*

Ẹnì kan béèrè nípa àwọn "ìlà" tí wọ́n ní ó ti àtẹ́lẹsẹ̀ dé iwájú orí, tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn ra àtẹ́lẹsẹ̀ kí ọrùn lè sàn. Thomas Myers ló sọ wọ́n di gbajúmọ̀. Jan Wilke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Frankfurt kó gbogbo ìwé ìwádìí àwọn tó la òkú ènìyàn wò jọ ní 2016 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà tó gba ẹ̀yìn kọjá, ẹ̀rí wà fún un dáadáa pé àwọn iṣan tó wà lójú rẹ̀ so mọ́ra lóòótọ́. Ìlà iwájú tó wà lókè lábẹ́ awọ, wọn ò rí ẹ̀rí kankan fún un. Pé nǹkan méjì so mọ́ra ò sì túmọ̀ sí pé tó o bá fa ọ̀kan, èkejì á sàn. Láàárín ẹ̀yìn ojúgun àti ẹ̀yìn itan, agbára máa ń gbà á kọjá. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn? Èmi á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn ná.

*

Ó tó àsìkò fún ìwé ẹ̀rí ìparí ọ̀sẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ fáṣíà tà.

Ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìwádìí fáṣíà wáyé ní Boston, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard, ní oṣù October 2007. Ohun tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwa tá à ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ jọ jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà. Nǹkan iyì ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: másáàjì fáṣíà, yóógà fáṣíà, ife fáṣíà, irin fáṣíà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni. Orúkọ ló yí padà, owó ló gòkè.

Àwọn onímọ̀ gan-an ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí fáṣíà jẹ́. Àwọn tó ń la ara wò ní awọ pẹlẹbẹ tó ṣeé fi ọ̀bẹ yà sọ́tọ̀ ni. Àwọn míì ní ó kó gbogbo ohun tó so ara pọ̀ mọ́ra, títí kan okùn iṣan àti awọ tó yí oríkèé ká. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "fáṣíà ń ṣe gbogbo nǹkan", ẹ kọ́kọ́ béèrè fáṣíà ta ni.

Ẹnì kan tún gbé e wá síbí pé fáṣíà máa ń súnkì fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní myofibroblast, àwọn náà ló ń fa ojú egbò pọ̀, àwọn náà ló sì wà nínú àìsàn Dupuytren tó ń ká ìka ọwọ́ kò. Ẹgbẹ́ Schleip wọ̀n ọ́n nínú yàrá ìwádìí. Ó lọ́ra púpọ̀, agbára rẹ̀ sì kéré. Ohun tó ń gba àkókò gígùn láti súnkì, ẹ má sọ fún oníbàárà pé ẹ tú u láàárín ìṣẹ́jú kan.

*

Lórí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀yin méjì bi mí:

Ibí yìí ni mo ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí Bove àti Chapelle, ní 2012, fọwọ́ ra ikùn àwọn eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìfun tó lẹ̀ mọ́ra sì dín kù lára wọn sí àwọn tí wọn ò rà. Ó dáa. Eku ni, ìgbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù sì ni. Ẹ má mú ìyẹn lọ bá ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti pé ogún ọdún kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fọwọ́ já a. Ojú ọgbẹ́ tó ti jinná ni mo ń fọwọ́ kàn, lẹ́yìn tí dókítà tó ṣe é ti fún un láyè. Awọ orí rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà míì ibi tó ti kú tipiri máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan lára padà. Nínú ikùn lọ́hùn-ún, mi ò ṣèlérí kankan.

*

"Kí la wá máa sọ fún oníbàárà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun lẹ sì fi kẹ́yìn. Tó o bá sọ fún ẹnì kan pé fáṣíà rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, pé ó ti bàjẹ́, pé ìwọ nìkan lo lè tú u, á gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀ rìn. Kò ní tẹ̀ mọ́, kò ní gbé nǹkan mọ́. Ẹ̀yìn tó ń bẹ̀rù títẹ̀ kì í yá bọ̀rọ̀. Mo ti gba irú wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ibi tó "bàjẹ́" lára wọn fún mi bí ẹni ń ka oríkì.

Èmi máa ń sọ pé: "Ibi yìí ń gan láti dáàbò bò ọ́. Mo máa fọwọ́ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ara rẹ lè rí i pé kò séwu. Á rọ̀ díẹ̀. Àsìkò tó bá fi rọ̀ yẹn, lò ó, rìn, na ara rẹ, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kó pẹ́." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ka ìwádìí kankan tí mo mẹ́nu bà lókè tó ta kò ó. Oníbàárà mi kankan ò sì tíì torí ẹ̀ sá lọ.

Ẹni tó ní "tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀fù àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹ̀tàn ni iṣẹ́ wa", ṣé apá tó gbé sókè yẹn ni ẹ̀tàn, àbí oorun tó rí sùn? Ọwọ́ èèyàn lára èèyàn ń ṣiṣẹ́. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ la ṣì ń bá ara wa jà sí.

*

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ kan wú, tó gbóná, tó pupa, tó sì ń béèrè irú másáàjì fáṣíà tó dáa fún un. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáṣíà. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ẹsẹ̀, tí ọwọ́ bá sì kàn án ó lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Má fọwọ́ rà á. Jẹ́ kó lọ sílé ìwòsàn lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Tí èémí rẹ̀ bá ti ń gé tàbí tí àyà ń dùn ún, kó lọ báyìí báyìí.